Ohun Tí Mi Ò Kọ Sínú Ìwé Ìsìnkú Dádì Ìlọrin

Ojú ewé kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi. Atẹ̀wé ní Kàbà ti sọ pé fọ́tò máa gba ojú ewé mẹ́fà, ètò ìsìn àti orin máa gba mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ìdágbére àwọn ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àwọn àna máa gba ìyókù, nítorí náà kí ẹni tó bá máa kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé mọ̀ pé ojú ewé kan lòun ní. Lórí WhatsApp ẹbí, èmi ni gbogbo wọn gbé e lé lórí. "Tíṣà ni ẹ́, ta ló tún kù?" Kí n tó fèsì, ẹnìkan ti fi àmì ọwọ́ tó ń gbàdúrà ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ parí.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi kọ ọ́. Ọjọ́ ìbí, ilé ìwé, iṣẹ́, ìgbéga, ìfẹ̀yìntì, ipò nínú ìjọ, aya, iye ọmọ, iye ọmọ-ọmọ. Ó já geere, irọ́ kankan ò sì sí níbẹ̀. Mo mú un lọ bá Mọ́mì, opó rẹ̀, mo kà á sókè. Ẹ̀yìnkùlé ló jókòó sí, ó ń bó ẹ̀gúsí, ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró títí mo fi kà á tán. Ó ní, "Ó dáa. Ta nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìyẹn. Dádì Ìlọrin là ń pè é, nítorí pé nígbà tí àwa ọmọdé ń dàgbà ní Ìsánlú, Dádì mẹ́ta ló wà nínú agboolé: Dádì Ilé, ìyẹn bàbá mi, Dádì Kàdúná, àti òun. Ìlú tí kálukú ti ń ṣiṣẹ́ la fi ń dá wọn mọ̀. Ó kúrò ní Ìlọrin ní 1991, ó gbé Lọ́kọ́jà, ó fẹ̀yìntì, ó padà sílé, ó lo ọdún 25 ní Ìsánlú, síbẹ̀ Dádì Ìlọrin ni títí a fi gbé e wọlẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ò tẹ Ìlọrin rí náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1961 ló ṣe ìdánwò àṣejáde ní Titcombe College, Ẹ̀gbẹ̀. Àwọn míṣọ́nárì SIM (Sudan Interior Mission) ló dá ilé ìwé náà sílẹ̀ ní 1951, wọ́n sì fi orúkọ Tommy Titcombe sọ ọ́, míṣọ́nárì tó ti Kánádà wá, tó wọ Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908. Òyìnbó Ẹ̀gbẹ̀ ni àwọn àgbà wa ń pè é. Ìjọ tí àwọn SIM gbìn ló di ECWA ní 1954, inú rẹ̀ ni wọ́n sì bí gbogbo wa sí. Ẹni tó bá ti Titcombe jáde nígbà náà, iṣẹ́ tíṣà tàbí iṣẹ́ ìjọba ló ń dúró dè é. Dádì gba ti ìjọba. Ní 1962, ó wọ Kàdúná gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé kékeré lábẹ́ ìjọba Àríwá.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Ìjọba Àríwá ìgbà náà ń wá ọmọ Àríwá tó máa bọ́ sí ipò àwọn òyìnbó àti àwọn ará Gúúsù nínú iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ Yàgbà bíi tiwa ní Ìsánlú, tó ń sọ Yorùbá, tó ń jẹ iyán láàárọ̀, ọmọ Àríwá pọ́nńbélé ni lórí ìwé. Bí àwọn olóògbé bíi Sunday Awóníyì, Aro Mọ̀pà, ṣe bá iṣẹ́ ìjọba lọ ní Kàdúná nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ Okun, ìyẹn ilẹ̀ Yorùbá tó wà ní Kogí báyìí, tí ẹnì kankan ò mọ orúkọ wọn. Dádì á ní, "Ní Kàdúná, Yorùbá ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá dé Ìbàdàn, wọ́n á ní Gàmbàrí ni mí. Fáìlì mi nìkan ló mọ ibi tí mo ti wá."

Fáìlì yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ ná. A máa padà sórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. West Central State ni wọ́n kọ́kọ́ pe tiwa kó tó di Kwara, Ìlọrin sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ní 1968, wọ́n kó Dádì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Kàdúná wá síbẹ̀. Ẹ̀ka ìṣirò owó ló wà. Níbẹ̀ ló ti fẹ́ Mọ́mì, níbẹ̀ ni wọ́n ti bí ọmọ márààrún, níbẹ̀ náà ni owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Udoji ní kí ìjọba san fún òṣìṣẹ́, ti bá a ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Owó yẹn gun orí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Dádì fi tiẹ̀ ra firíìjì kan, ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Ó ti tó 30 ọdún tí firíìjì náà ti ń ṣiṣẹ́ àpótí ìrẹsì ní yàrá Mọ́mì. Kò sí eku tó lè wọ̀ ọ́.

Lójú ewé tí mo kọ, gbólóhùn kan ni mo fi kọjá lórí 1991: "Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, ó tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ ìsìn rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà." Ibẹ̀ gan-an ni Mọ́mì ti kọ́kọ́ dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀gúsí. "Ó tẹ̀síwájú bí?"

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ni Babangida kéde rẹ̀. Wọ́n gé apá kan lára Kwara, wọ́n gé apá kan lára Bẹ́núé, wọ́n pa á pọ̀, Kogí dé. Ijó ni wọ́n jó ní Ìsánlú. Ní Ìlọrin, nínú ilé Dádì, ẹnikẹ́ni ò jó. Òṣìṣẹ́ Kwara tó bá jẹ́ ọmọ ìhà ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ rẹ̀ ti di ti Lọ́kọ́jà. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé, Mọ́mì ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀, owó ilé ọdún náà sì ti wọlé tán. Ó di mátíréèsì kan, sítóòfù kẹrosíìnì kan, àti àpótí páànù rẹ̀, ó lọ.

Ẹni tó bá mọ Lọ́kọ́jà mọ ohun tí mò ń wí. Odò Ọya wà níwájú, Òkè Patí wà lẹ́yìn, ooru há sáàárín wọn. Ìlú tí kò ní ju ilé tó tó àwọn ará rẹ̀ lọ di olú-ìlú ìpínlẹ̀ lọ́sàn-án kan òru kan. Yàrá kan ni Dádì àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbà, onílé bù ú fún wọn ní iye tó wù ú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á rẹ ìró aṣọ sínú omi, wọ́n á fún un, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á sùn lé e lórí. Ṣaájú ìdájí ó ti gbẹ. Ní ọ́fíìsì, kò sí tábìlì fún ìdajì àwọn òṣìṣẹ́. Páálí mílíìkì ni Dádì dojú rẹ̀ délẹ̀, orí rẹ̀ ló ti ń fọwọ́ sí ìwé owó.

Àwọn fáìlì dé lẹ́yìn. Lọ́rí ló kó wọn wá, nínú àpò ìdọ̀họ, òjò ti pa òmíràn, okùn tí wọ́n fi so òmíràn ti já. Dádì rí i bí wọ́n ṣe ń dà wọ́n sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń da iṣu. Ó ní ọjọ́ yẹn lòun jókòó sórí mátíréèsì, òun ṣí àpótí páànù, òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo lẹ́tà iṣẹ́ òun kọ sínú ìwé aláwọ̀ líle kan, láti 1962 wá: nọ́ńbà, ọjọ́, ẹni tó fọwọ́ sí i. Oṣù méjì ló fi kọ ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó ń kọ Májẹ̀mú mìíràn.

Mi ò kọ èyíkéyìí nínú ìyẹn sílẹ̀. Kò gbà lójú ewé kan.

Àríyànjiyàn ọjọ́ orí tún wá gba ọ̀sẹ̀ odidi lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àbújá ti tẹ pósítà: ẹni ọdún 81. Lórí ìwé, ọdún 1942 ni wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyá rẹ̀ kan, arúgbó tó ṣì ń fi ojú ara rẹ̀ rí abẹ́rẹ́, fárígá pé irọ́ ni, pé nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ọmọkùnrin lọ sógun Bọ́mà, Dádì ti ń ru kèrègbè omi. Ogun Bọ́mà, ìyẹn 1943 sí 1945. Ọmọ tó ru omi nígbà náà ò lè jẹ́ ọmọ 1942. Ta ló wá kọ 1942? Tíṣà tó gbà á sílé ìwé ni. Wọ́n ní kó fi ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kó fi kan etí òsì. Ó kàn án. Tíṣà wo ojú rẹ̀, ó kọ ọdún tó wù ú.

Àbúrò mi kan sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ lórí WhatsApp, ó ní ṣé Dádì náà wà lára àwọn tó ń gé ọjọ́ orí wọn kù kí wọ́n lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó bí mi nínú, mo sì fèsì pẹ̀lú ìṣirò. Òfin iṣẹ́ ìjọba ni pé bí èèyàn bá pé ọmọ 60 ọdún tàbí tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ló máa lé e lọ. Dádì wọṣẹ́ ní 1962, ó lọ ní 1997. Ọdún iṣẹ́ ló lé e sílé, kì í ṣe ọjọ́ orí, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ pé 1950 ni wọ́n bí i, ọdún kan náà ló máa lọ. Ẹnikẹ́ni ò tún sọ̀rọ̀. Pósítà dúró lórí 81, arúgbó yẹn kọ̀ láti wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí fáìlì.

Ìgbà tó fẹ̀yìntì, ó kó wálé, ó dáko iṣu àti kaṣú, ó sì ń dúró de owó. Owó ìfẹ̀yìntì máa ń wá, ó máa ń dáwọ́ dúró, wọ́n á ní kí àwọn àgbà wá fún ìyẹ̀wò, ó tún á bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún kan tó ti lé ní ẹni 70, mo tẹ̀ lé e lọ sí ọ̀kan nínú ìyẹ̀wò náà. Aago mẹ́rin ìdájí la kúrò ní Ìsánlú, a gba Mọ̀pà, a gba Kàbà, ilẹ̀ mọ́ bá wa níwájú Ọbájánà, níbi tí tírélà sìmẹ́ǹtì ti gba gbogbo ọ̀nà. Nígbà tá a débẹ̀, àwọn arúgbó ti kún abẹ́ igi máńgòrò bí ẹni wà ní ìpàdé àdúrà. Àwọn kan jókòó sórí bíríkì. Bàbá kan wà tí ọmọ rẹ̀ gbé pọ̀n.

Ọmọdékùnrin tó wà nídìí tábìlì yẹ orúkọ Dádì wò. Ó ní 1968 ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ti lọ nìyẹn. Àwọn ọdún Kàdúná.

Dádì ò pariwo. Ó gbé àpótí páànù lé orí itan, ó ṣí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́tà wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Ó yọ lẹ́tà ìgbani-síṣẹ́ 1962 jáde, tí orúkọ Northern Region ṣì wà lókè rẹ̀, ó yọ ti 1968, ó yọ ti 1991, ó tò wọ́n síwájú ọmọ náà bí ẹni tó ń ta ayò. Ọmọ náà kọ́kọ́ fọ́nnu, ó ní àwọn ò gba fọ́tòkọ́pì. Dádì ní, "Kì í ṣe fọ́tòkọ́pì, ọmọ mi. Fọwọ́ kàn án." Ọmọ náà fọwọ́ kàn án. Ó wò ó pẹ́, ó wá pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wo ìwé tó dàgbà ju bàbá àwọn lọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Kò tán. Ìgbà mẹ́ta la tún lọ kí ọdún mẹ́fà yẹn tó padà. Ohun tí mo rí nígbà kejì ló jẹ́ kí n sọ èyí. Dádì ra báírò páálí kan àti bébà kábọ́ọ̀nù dání. Nígbà tá a jókòó sábẹ́ máńgòrò, àwọn arúgbó tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í mú fọ́ọ̀mù wá bá a, ó ń kọ ọ́ fún wọn, ó ń fi kábọ́ọ̀nù sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Ará Ìgbìrà wà níbẹ̀, Ìgalà wà níbẹ̀, ará Bùnú, Owé, Ìjùmú. Ẹni tó bá dìde á kí i pé "Okun o, bàbá," Dádì á ní "Okun," á sì na ọwọ́ sí ẹlòmíràn. Ní tèmi, ebi ń pa mí, mo sì fẹ́ ká máa lọ.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń tọ́jú lẹ́tà ìgbéga tèmi. Ìyàwó mi ní mo ti ń di Dádì Ìlọrin. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìwé nìkan ni.

Ọ̀rọ̀ ìjọ ló wá le jù. Àwọn alàgbà ti rán mi létí pé kí n kọ ọ́ pé ó jẹ́ akápò ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún "pẹ̀lú òtítọ́ inú". Mo kọ ọ́. Ohun tí wọn ò fẹ́ kí n kọ ni ìdí tí ọdún méjì fi dá sáàárín.

Nígbà tó di akápò, ó ní owó kankan ò ní wọlé, owó kankan ò sì ní jáde, láìsí rìsíìtì. Ìyá tó mú ₦50 wá fún ìdúpẹ́, á gba rìsíìtì. Pásítọ̀ tó fẹ́ ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, á buwọ́ lùwé. Àwọn kan ń kùn pé ó ti sọ ilé Ọlọ́run di sẹkiteríàtì. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, a máa ń ṣe gbàǹjo: iṣu, ògèdè, àkùkọ, ẹ̀wà, ẹni tó bá dá iye tó ga jù ló gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹnu dá a, tí wọ́n á ní àwọn á san lóṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ yẹn kì í dé. Dádì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí wọ́n pè é fún ìfilọ̀ akápò, ó bọ́ síwájú, ó wọ díńgí ojú rẹ̀, ó ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè, iye tí wọ́n jẹ, àti ohun tí wọ́n gbé. Alàgbà méjì wà níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà nínú ilé ìjọsìn lọ́jọ́ náà, èèyàn lè gbọ́ aláǹgbá lórí páànù.

Ìpàdé lóríṣiríṣi tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ó dójú ti àwọn àgbà. Ó ní ìwé òun tọ̀nà. Ìwé rẹ̀ tọ̀nà lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé kò tọ̀nà. Wọ́n gba ipò akápò lọ́wọ́ rẹ̀.

Títí Mọ́mì fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe mọ ìtàn náà nìyẹn, mo sì máa ń fi í yangàn. Mi ò mọ̀ pé ó ku apá kan. Láàárín orúkọ tí Dádì kà, ti opó kan wà níbẹ̀. Àgbébọ̀ adìẹ kan ló dá ní gbàǹjo, ₦400. Ọkọ rẹ̀ ò tíì pé ọdún kan tó kú. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, obìnrin yẹn ò wá sílé ìjọsìn mọ́. Àwọn alàgbà méjì tó jẹ gbèsè ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń wá, wọ́n ń jókòó síwájú. Òun tó jẹ ₦400 ló jókòó sílé.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni Mọ́mì tó sọ fún Dádì. Kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Nílẹ̀ tó mọ́, ó wọ bùbá, ó lọ sílé obìnrin náà, Mọ́mì tẹ̀ lé e. Mọ́mì ní ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ojúde, níṣojú àwọn ọmọ obìnrin náà, ọkùnrin tó ti jẹ Level 14 lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó ní, "Ìwé mi tọ̀nà, ẹnu mi ló ṣìnà." Obìnrin náà sunkún, Mọ́mì sunkún. Àwọn ọmọ náà lọ mú adìẹ kan wá, ọmọ àgbébọ̀ yẹn, wọ́n ní kó máa mú un lọ. Ó mú un. Ó kọ rìsíìtì fún wọn.

Nígbà tí ìjọ tún pè é padà lẹ́yìn ọdún méjì, ó gbà, ṣùgbọ́n kò ka orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ títí tó fi gbé e lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Bébà pélébé ló ń ká sínú àpòòwé, ó ń fi í ránṣẹ́ sí kálukú nílé. Owó wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí sì máa ń ya Dádì fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Mo ní kí n fi gbólóhùn kan kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ ìsìnkú ní kí n yọ ọ́. "Ìyẹn ò ṣe é kọ sínú ìwé ìsìnkú, tíṣà." Mo yọ ọ́. Mo yẹ kí n ti jà díẹ̀ sí i.

Ọ̀kan tó kan èmi fúnra mi náà ò sí níbẹ̀. Ní 2001, mo wà nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni, ọjọ́ Ajé ni owó ìdánwò máa kásẹ̀ nílẹ̀, ọjọ́ Ìsinmi ni mo sì dé sí ọ̀dọ̀ Dádì. Mo bá a níbi tó ti ń ka owó ìjọ lórí tábìlì pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ méjì, owó ẹyọ tí wọ́n tò bí ọwọ̀n, owó bébà tí wọ́n fi rọ́bà dì. ₦3,000 ni mo fẹ́. Mo ní kó yá mi nínú èyí, bàbá mi á mú un wá lọ́jọ́rú. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìyẹn kì í ṣe owó mi." Mo jáde, mo jókòó lórí àkéte ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń bú u nínú ọkàn mi. Òjò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tó ti owó ìjọ mọ́ àpótí, mo rí i tó mú agbòòrùn, ó jáde. Ó tó wákàtí kan kó tó dé, ṣòkòtò rẹ̀ ti rẹ dé orúnkún. Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta gààrí ló ti lọ yá ₦3,000 wá. Ó kà á sọ́wọ́ mi. Kò bínú, kò wàásù, ó ní kí n lọ sùn.

Mo bínú sí i fún ọdún mẹ́rin. Bí owó ìjọ bá wà níbẹ̀, kí ló dé tó fi gba inú òjò? Bí mo ṣe ń rò ó nìyẹn. Ní oṣù tí mo kọ́kọ́ gba owó oṣù, mo ra búrẹ́dì àti mílíìkì lọ kí i. Ó gbà á, ó súre fún mi, ó wọlé, ó mú ìwé aláwọ̀ líle kan jáde. Orúkọ mi wà níbẹ̀. ₦3,000, ọjọ́ rẹ̀, ohun tí mo fi ṣe. Ó ní, "Ìyá elégààrí ti gba tirẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìwọ ló kù." Mo rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Mo kà á fún un, ó fa ìlà sórí orúkọ mi, ó ya rìsíìtì fún mi. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Oṣù Kìíní 2023 ló kú, lórí ibùsùn rẹ̀, láìsí wàhálà. A dá ìsìnkú sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 17 oṣù Kejì. Nítorí ọ̀nà tí kò dáa mọ́, a ò ṣe àìsùn. Aago mẹ́ta ọ̀sán la ṣe ìsìn orin ọjọ́bọ̀, kí àwọn tó ń ti Àbújá bọ̀ lè wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn tó bá wà ní Nàìjíríà lóṣù yẹn mọ ohun mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀. Kò sówó. Wọ́n ń pààrọ̀ owó bébà àtijọ́ sí tuntun, tuntun ò sì kárí. Owó wà ní báǹkì, kò sí lọ́wọ́. POS tó ní owó ní Ìsánlú ń gba ẹgbẹ̀rún kan lórí ẹgbẹ̀rún márùn-ún, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì lọ, ó lọ nìyẹn. Àna wa kan fẹ́ fi owó sí igbá ọrẹ, tiransífà ló ṣe, ó ń gbé fóònù sókè nínú ilé ìjọsìn ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ní bí Dádì bá rí èyí, á béèrè ibi tí rìsíìtì wà.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú náà, ní àárọ̀, Buhari sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ₦200 àtijọ́ nìkan ló ṣì ṣe é ná, pé ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ ti kú. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Mọ́mì pè mí wọ yàrá, ó ní kí n bá òun ṣí àpótí páànù. Lábẹ́ gbogbo lẹ́tà, a rí àpòòwé kan. Dádì ti kọ ọ̀rọ̀ sára rẹ̀: "Ti àwọn tó máa gbẹ́lẹ̀. Kí wọ́n buwọ́ lù ú." ₦20,000 ló wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan-kan ni gbogbo rẹ̀. Àtijọ́.

Mọ́mì wò mí, mo wo Mọ́mì. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rò pé ẹkún ni.

Ọmọkùnrin mẹ́rin ládùúgbò ló gbẹ́lẹ̀, ilẹ̀ náà sì le, òkúta wà nínú rẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún wọn, mo fi àpòòwé náà hàn wọ́n. Ọ̀kan ní, "Ṣé èyí ni kí n gbé lọ fún elépo bẹntiróòlù?" Wọ́n jẹ iyán, wọ́n mu omi, wọ́n ní àwọn á dúró. Mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nínú ìwé aláwọ̀ líle náà, sí ojú ewé tó tẹ̀ lé ibi tí ọwọ́ Dádì dáwọ́ dúró sí.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ pé owó àtijọ́ ṣì ṣe é ná títí di òpin ọdún. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbà á lọ́jà títí báǹkì àpapọ̀ fi sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 13. Lọ́jọ́ kejì, mo mú àpòòwé lọ sí ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń páàkì, mo bá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbẹ̀. Mo ka ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún kálukú. Wọ́n buwọ́ lùwé. Mo yọ búkù rìsíìtì tí mo rà ní ₦300, mo ya mẹ́rin.

Àwọn mẹ́ta gbà á láìsọ̀rọ̀. Ẹni kẹrin yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe, tíṣà?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ká a mọ́ owó rẹ̀, ó tì í sápò àyà, ó tan ọ̀kadà.